Iná Wo Ló Wọ́n, Iná Wo Ló Ń Ba Àyíká Jẹ́? Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Èsì

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lórí iná mànàmáná ló forí sọ ibì kan náà: kí ni kí orílẹ̀-èdè fi máa pèsè iná tí kò fi ní gbọ́n àpò aráàlú gbẹ, tí kò sì ní ba afẹ́fẹ́ àti omi jẹ́? A kó àwọn tó jọra pọ̀. Níbi tí a bá ti dárúkọ yúníìtì, kílówáàtì kan fún wákàtí kan là ń sọ, bí mítà ṣe ń kà á. Ẹgbẹ̀rún yúníìtì ló wà nínú mẹ́gáwáàtì-wákàtí kan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ pé iná oòrùn ló dínwó jù báyìí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ti to pánẹ́ẹ̀lì kiri ṣì ń san owó iná gọbọi?

ÈSÌ: Òótọ́ ni méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan fẹ́ kọ́ ibùdó sólà 100 mẹ́gáwáàtì, tí gbogbo ìnáwó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 80 dọ́là, tí ìtọ́jú rẹ̀ sì ń gba mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là lọ́dọọdún. Oòrùn kì í ràn lóru, ìkùukùu sì máa ń bò ó, nítorí náà ohun tí ibùdó náà máa mú wá lọ́dún jẹ́ bí ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí ì bá mú wá ká ní ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ìyẹn jẹ́ 175,200 mẹ́gáwáàtì-wákàtí. Bí ó bá rí owó yá ní èlé 4 nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n sì fún un ní ọdún 25 láti san án, yúníìtì kọ̀ọ̀kan máa ná an ní sẹ́ǹtì 3.8. Bí èlé bá jẹ́ 8, ó di sẹ́ǹtì 5.1. Bó bá jẹ́ 12, ó di sẹ́ǹtì 6.7. Pánẹ́ẹ̀lì kan náà ni, oòrùn kan náà ni, ṣùgbọ́n bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti gorí owó àkọ́kọ́.

Ohun tó fà á ni pé sólà kì í ra epo. Ọjọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ ni wọ́n ti ń ná èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná atẹ́gùn, ìsédò àti núkílíà ṣe rí. Orílẹ̀-èdè tí àwọn ayánilówó kò fọkàn tán lè ní oòrùn rẹpẹtẹ, kí iná oòrùn rẹ̀ sì tún wọ́n ju ti orílẹ̀-èdè olótùútù tó ń rí owó yá ní ẹ̀dínwó. Nítorí náà, bí ẹ bá ti gbọ́ iye owó yúníìtì láti ẹnu ẹnikẹ́ni, èlé tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Ti gáàsì yàtọ̀ pátápátá. Kíkọ́ rẹ̀ kò wọ́n, bíbọ́ rẹ̀ ló ń náni lówó. Ibùdó gáàsì tó péye, èyí tó ń fi ooru tó jáde lára tọ́báìnì (ẹ̀rọ tó ń yí láti mú iná wá) àkọ́kọ́ se omi fún tọ́báìnì kejì, máa ń sọ bíi 55 nínú ọgọ́rùn-ún ooru gáàsì di iná. Ó ń gba bíi 6,200 BTU, òṣùwọ̀n ooru tí wọ́n fi ń ta gáàsì, láti mú yúníìtì kan jáde. Bí gáàsì bá jẹ́ dọ́là 3 fún mílíọ̀nù kan BTU, owó gáàsì inú yúníìtì kan kò tó sẹ́ǹtì 2. Bí gáàsì bá di dọ́là 20, ó ti lé ní sẹ́ǹtì 12. Lọ́dún 2022, lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine, owó gáàsì ní Yúróòpù kọjá dọ́là 20 yìí fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Wàyí o, ẹ wo bí ọjà iná ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Yúróòpù àti ní ibi púpọ̀ mìíràn. Fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń to àwọn ibùdó láti orí ẹni tó bèèrè owó tó kéré jù, wọ́n á máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí iná á fi tó. Iye tí ẹni tí wọ́n mú kẹ́yìn bèèrè ni gbogbo wọn máa gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti wọ̀, tí gbogbo ilé tanná, gáàsì ló sábà máa ń wà nípò ìkẹyìn yẹn. Nítorí náà, sólà lè pọ̀ lórí ilẹ̀ kí owó ìrọ̀lẹ́ má sì wálẹ̀, nígbà tí owó ọ̀sán ti lè bọ́ sí òdo tàbí kó tilẹ̀ kọjá sábẹ́ òdo, tí olùpèsè á máa san owó kí wọ́n lè bá a gba iná rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni owó ọ̀pó àti wáyà ńlá, owó ibùdó tí wọ́n fi sílẹ̀ de ọjọ́ tí iná bá wọ́n, àti owó orí wá gùn ún kó tó di bíìlì tó dé ọwọ́ yín.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lóòótọ́ ni gáàsì mọ́ ju èédú lọ, àbí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tà á ni?

ÈSÌ: Ní ibi tí wọ́n ti ń sun ún, ó mọ́ jù ú lọ dáadáa. Kílò èédú kan tó dára díẹ̀ ní ooru tó tó yúníìtì 6.7 nínú. Bọ́ílà àti tọ́báìnì máa sọ bíi 36 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ di iná, ìyẹn yúníìtì 2.4, ìyókù á bá omi ìtutù àti èéfín lọ. Nínú kílò náà, bíi gíráàmù 650 ló jẹ́ kábọ́ọ̀nù. Bí gíráàmù 12 kábọ́ọ̀nù bá jóná, ó máa ń gba gíráàmù 32 ọ́síjìn mọ́ra, ó sì di gíráàmù 44 kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì. Gíráàmù 650 yẹn á wá di bíi 2,400. Ẹ pín in sí yúníìtì 2.4, ẹ ó rí i pé yúníìtì kan ń tú bíi kílò kan jáde. Ibùdó gáàsì tí a ṣàpèjúwe lókè ń tú bíi gíráàmù 370.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Mẹ́téènì ló pọ̀ jù nínú gáàsì, èyí tó bá sì sá lọ láìjóná burú. Láàárín ogún ọdún, kílò mẹ́téènì kan ń mú ayé gbóná tó nǹkan bí ìlọ́po 80 kílò kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì kan; láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, nǹkan bí ìlọ́po 30. Yúníìtì kan ń gba bíi gíráàmù 130 gáàsì. Bí 3 nínú ọgọ́rùn-ún bá jò, bíi gíráàmù 4 nìyẹn. Lórí òṣùwọ̀n ogún ọdún, ó dà bí ẹni fi gíráàmù 320 lé 370 ti àkọ́kọ́. Ìdajì àǹfààní tí gáàsì ní lórí èédú ti lọ. Ibi tó ti ń jò kò ṣòro láti mọ̀: ìdí fáàfù, sílì ara kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹnu kànga tí wọ́n ti pa tì, àti iná ìdáná-sun-gáàsì tó kú tí ẹnikẹ́ni kò sì tún un tàn. Kámẹ́rà tó ń rí ooru máa ń fi gáàsì tó ń jò hàn bí èéfín lórí fọ́nrán, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í sábà ju kí wọ́n pààrọ̀ sílì tàbí kí wọ́n dè é le. Ó ń dùn wá pé iṣẹ́ tó rọrùn báyìí ni wọ́n ń fi sílẹ̀ jù.

Ní ti èédú, kábọ́ọ̀nù nìkan kọ́ lẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ibùdó èédú 1,000 mẹ́gáwáàtì máa ń sun tó mílíọ̀nù 3 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èédú náà bá jẹ́ eérú, 300,000 tọ́ọ̀nù eérú ni wọ́n gbọ́dọ̀ wá ibi kó sí lọ́dọọdún, pẹ̀lú àsẹ́níìkì àti mẹ́kúrì díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. Ní Kingston, ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, ògiri adágún eérú wó lọ́jọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2008, eérú olómi tó ju bílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù lọ sì ya wọ ilẹ̀ àti odò tó wà nítòsí. Eruku inú èéfín èédú tó kéré jù, èyí tí ojú kò lè rí, ló ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Òun ló sì ń pa èèyàn jù lọ.

ÌBÉÈRÈ: Omi kì í rú èéfín, kì í sì í ra epo. Ṣé kò yẹ kí gbogbo orílẹ̀-èdè tó ní odò fi ìsédò ṣe gbogbo iná rẹ̀ ni?

ÈSÌ: Norway ń rí bíi 90 nínú ọgọ́rùn-ún iná rẹ̀ láti inú omi, iná rẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n òkè gíga ló wà níbẹ̀, omi ń já láti ibi tó ga, èèyàn kò sì pọ̀ nínú àfonífojì tí wọ́n fi omi bò. Ohun méjì ló ń pinnu agbára ìsédò: iye omi tó ń kọjá àti bí ibi tó ti ń já ṣe ga tó. Ẹ fi 9.8 ṣe ìlọ́po omi (mítà onígun mẹ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), kí ẹ tún fi gíga (ní mítà) ṣe ìlọ́po rẹ̀, kí ẹ mú bíi 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Omi 100 tó já láti gíga mítà 50 máa fún yín ní kílówáàtì 44,100, ìyẹn mẹ́gáwáàtì 44. Níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, gíga kò sí, ẹ ó sì fi omi bo ilẹ̀ púpọ̀ kí ẹ tó rí iná díẹ̀.

Brazil ló fi èyí hàn wá kedere. Ìsédò Balbina nínú igbó Amazon bo bíi 2,360 kìlómítà onígun mẹ́rin mọ́lẹ̀ nítorí mẹ́gáwáàtì 250. Itaipu, tí Brazil àti Paraguay jọ ni, bo bíi 1,350, ó sì ń pèsè mẹ́gáwáàtì 14,000. Ní Balbina, igbó tó rì ń jẹrà lábẹ́ omi gbígbóná tí kò ní ọ́síjìn, mẹ́téènì ló sì ń jáde. Orúkọ “iná omi” kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò jọra rárá.

Ewu kejì ni ọ̀dá. Zambia gbára lé omi fún èyí tó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀. Lọ́dún 2015 sí 2016 àti lọ́dún 2024, òjò kò tó, omi adágún ìsédò Kariba lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí tọ́báìnì kò fi lè ṣiṣẹ́ dáadáa, iná sì ń lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Ó tún burú ní ti pé ọ̀dá kì í mú ìsédò kan ṣoṣo. Bí òjò bá kọ̀ ní agbègbè kan, gbogbo ìsédò ibẹ̀ ló máa ń rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹrẹ̀ tún wà: odò tó ń ru ẹrẹ̀ púpọ̀ máa ń kún inú adágún, bí wọn kò bá sì ṣe ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ tí wọ́n á fi máa ṣan án dànù láti ìbẹ̀rẹ̀, kò rọrùn mọ́ láti ṣe é. Ẹ má sì gbàgbé àwọn tí wọ́n ń lé kúrò nílé bàbá wọn. Ìsédò Three Gorges ní China, mẹ́gáwáàtì 22,500, lé èèyàn tó ju mílíọ̀nù 1.2 kúrò.

Síbẹ̀, a ò ní sọ pé kí wọ́n pa á tì. Ìsédò máa ń tanná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n bá ti ṣí fáàfù, ó sì lè tọ́jú omi ọ̀sán de alẹ́. Èyí ló mú kó jẹ́ ọ̀rẹ́ tó dára jù fún sólà: kí oòrùn ṣe iṣẹ́ ọ̀sán, kí omi dúró de òru.

ÌBÉÈRÈ: Látìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Chernobyl àti Fukushima ni ẹ̀rù núkílíà ti ń bà mí. Àwọn kan sì ń sọ pé Jámánì kò ṣe dáadáa bó ṣe ti tirẹ̀ pa. Ta ni ká gbà gbọ́?

ÈSÌ: Ẹ̀rù yín nídìí. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1986 ni riákítọ̀ kan, ìyẹn ẹ̀rọ tí ooru núkílíà ti ń jáde, bú gbàù ní Chernobyl nígbà tí wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, ìgbì òkun bo àwọn jẹnẹrétọ̀ tó yẹ kó máa fa omi ìtutù ní Fukushima. Riákítọ̀ kì í tutù lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n bá pa á, ooru ṣì ń jáde nínú rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tí kò sí omi mọ́, inú rẹ̀ yọ́. Èèyàn tó ju 100,000 ló fi ilé sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ikú mọ́ iná tó jáde, ọ̀rọ̀ yí padà. Nínú ìṣirò tí àwọn onímọ̀ sábà ń lò, bílíọ̀nù yúníìtì kan láti inú èédú ń mú bí èèyàn 25 lọ, púpọ̀ nínú wọn nítorí èéfín. Ti gáàsì jẹ́ bíi 3. Ti núkílíà, pẹ̀lú jàǹbá méjèèjì yẹn nínú rẹ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹnì kan. Ibẹ̀ náà ni ti sólà àti atẹ́gùn wà. Lórí kábọ́ọ̀nù, ìṣirò ìgbìmọ̀ ojú ọjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́dún 2014, èyí tó ka ìwakùsà, ìkọ́lé àti ìpalẹ̀mọ́ pọ̀, fún èédú ní gíráàmù 820 fún yúníìtì kan (ibùdó tó dára ju èyí tí a ṣírò lókè ni), gáàsì 490, sólà orí ilẹ̀ 48, omi 24, núkílíà 12, atẹ́gùn 11.

Jámánì pa riákítọ̀ mẹ́ta tó kù lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2023, nígbà tó ṣì ń sun èédú. Ojú tiwa ni pé wọ́n yí ètò náà po. Bí riákítọ̀ kan bá ṣì dára, tí wọ́n sì ti san owó kíkọ́ rẹ̀ tán, èédú ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ.

Kíkọ́ tuntun ni ibi tí bàtà ti ń ta lẹ́sẹ̀. Olkiluoto 3 ní Finland bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005, wọ́n ní ó máa parí lọ́dún 2009, ó sì di ọdún 2023 kó tó máa ṣiṣẹ́ déédéé. Méjì tí wọ́n kọ́ sí Vogtle ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fojú bù sí bílíọ̀nù 14 dọ́là, kọjá bílíọ̀nù 30. Àwòrán tuntun tí kò tíì parí kí ìkọ́lé tó bẹ̀rẹ̀, ìjópọ̀ irin tí wọ́n ní láti gé kí wọ́n tún jó, àti òṣìṣẹ́ tó ti gbàgbé iṣẹ́ náà nítorí pé wọn kò kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló fà á. Ẹni tó bá yá bílíọ̀nù 10 dọ́là ní èlé 8 nínú ọgọ́rùn-ún ń jẹ mílíọ̀nù 800 ní èlé lọ́dọọdún kó tó ta yúníìtì kan. Ìdádúró ló ń pa á ju símẹ́ǹtì lọ.

France, tó pinnu lọ́dún 1974 láti kọ́ ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí àwòrán díẹ̀, dín ìnáwó náà kù, ó sì ń rí bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iná rẹ̀ níbẹ̀ títí di òní. Ohun kan náà yẹn ló gbé e ṣubú lọ́dún 2022: wọ́n rí ẹ̀là lára páìpù ìtutù pàjáwìrì, nítorí pé àwòrán kan náà ni wọ́n sì lò, wọ́n ní láti dá púpọ̀ dúró láti yẹ̀ wọ́n wò. France tó máa ń ta iná fún aládùúgbò di ẹni tó ń rà á lọ́dún yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Bí orílẹ̀-èdè bá fẹ́ lo oòrùn àti bátìrì nìkan, mélòó ló máa gbà?

ÈSÌ: Ká ní 1,000 mẹ́gáwáàtì ni ìlú ń lò láìdáwọ́ dúró. Lójúmọ́ ó jẹ́ 24,000 mẹ́gáwáàtì-wákàtí. Mẹ́gáwáàtì pánẹ́ẹ̀lì kan, níbi tí oòrùn ti dára, ń mú 4.8 wá lójúmọ́. Bíi wákàtí 14 ni bátìrì máa gbé ẹrù, ìyẹn 14,000 mẹ́gáwáàtì-wákàtí. Ohun tó wọ bátìrì kì í jáde tán. Bíi 12 nínú ọgọ́rùn-ún ń ṣòfò. Ẹ ó nílò bíi 5,400 mẹ́gáwáàtì pánẹ́ẹ̀lì, tó máa gba bíi 11,000 hẹ́kítà ilẹ̀. Ìkùukùu ọjọ́ mẹ́ta kò tíì sí nínú ìṣirò yìí o. Bí ẹ bá fẹ́ kí bátìrì dá gbé ìyẹn, ó di 72,000, ó sì máa wà lásán lọ́pọ̀ ọjọ́ ọdún. Ìdá tó pọ̀ jù nínú iná rọrùn láti rí lọ́wọ́ oòrùn. Ìdá díẹ̀ tó kẹ́yìn ló ń gbówó. Nítorí náà ni àwa fi fẹ́ kí atẹ́gùn, omi, tàbí ibùdó gáàsì tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí díẹ̀ lọ́dún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Níbo ni pánẹ́ẹ̀lì tó bá gbó ń lọ?

ÈSÌ: Pánẹ́ẹ̀lì kan wọ̀n tó kílò 20, gíláàsì àti férémù alumíníọ́mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn tó ń ra irin sì máa ń gbà á. Òjé díẹ̀ tó wà níbi ìjópọ̀ wáyà ni kò yẹ kó wọ ilẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé owó títú u palẹ̀ ju owó ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ, nítorí náà kí òfin gba owó ìpalẹ̀mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ìjọba wa ń sọ pé àwọn fẹ́ kọ́ ibùdó amúnáwá ńlá kan tí iná rẹ̀ máa dínwó. Kí ni ká béèrè lọ́wọ́ wọn?

ÈSÌ: Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye iná tó ń ṣòfò lórí wáyà báyìí. Bí ó bá ju 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, títún wáyà àti tiransifọ́mà ṣe lè fún yín ní iná tó dínwó ju ti ibùdó tuntun èyíkéyìí lọ, láìrú èéfín kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè wákàtí tí ibùdó náà máa ṣiṣẹ́ jù: ṣé ìrọ̀lẹ́ tí ẹ nílò iná ni, àbí ọ̀sán tí ó ti pọ̀? Ẹ béèrè ibi tí omi ìtutù ti máa wá, nítorí ibùdó èédú tàbí núkílíà tó ń lo ilé ìtutù gíga máa ń jẹ́ kí omi tó tó lítà 2 gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ fún yúníìtì kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè èwo nínú àwọn ti àtijọ́ ni wọ́n máa tì pa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èédú ń pèsè bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún iná lọ́dún 2012. Wọ́n fi owó orí lé kábọ́ọ̀nù, wọ́n sì ń gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn sínú òkun, ibùdó èédú tó kẹ́yìn, Ratcliffe-on-Soar, sì ti pa lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Wọ́n ti kéde ọjọ́ tí èédú máa dópin ṣáájú, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn olówó mọ ibi tí wọ́n máa kó owó sí.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìwé àdéhùn. Ẹ wá ìlà tó sọ pé “yálà ẹ lo iná náà tàbí ẹ kò lò ó, ẹ máa sanwó rẹ̀.” Ghana fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ibùdó nígbà tí iná wọ́n níbẹ̀, ó sì ń san owó lórí iná tí kò lò nígbà tí àwọn ibùdó náà dé. Ẹ wò ó bóyá dọ́là ni wọ́n kọ owó náà sí, nítorí bí owó tiyín bá lọ sílẹ̀, bíìlì máa gòkè láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà níbi tí iná ti ń wá. Kí ẹ sì wo ẹni tó máa ru ẹrù bí owó gáàsì tàbí èédú bá gòkè: bí ìwé náà bá gbé e lé aráàlú lórí, kí wọ́n fi ìlọ́po méjì owó epo ṣírò yúníìtì náà níwájú yín kí wọ́n tó buwọ́ lù ú.